Láti Aṣọ Àgbàbọ̀ Dórí Ife Yúróòpù

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ìlú Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì ni, ẹgbẹ́ tí tọmọdé tàgbà wa mọ orúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ọkùnrin ibẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìtàn àwọn obìnrin rẹ̀ kò tí ì dé etí ẹni púpọ̀. Ohun kan ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí a ti ń lọ: ilé ńlá yẹn kọ́ ni ó pe àwọn obìnrin wọ̀nyí wá, àwọn ni wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn fúnra wọn, a sì mú wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n kí a tó ní kí wọ́n wọlé wá jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 1970. Ní ìgbà náà, Ọ̀gágun Francisco Franco ni ó ń ṣe àkóso Sípéènì, ọwọ́ líle ni ó sì fi ń ṣe é. Obìnrin tí ó bá ti relé ọkọ ní ilẹ̀ náà kò lè ṣí àkáǹtì ní báńkì, kò sì lè gba iṣẹ́, àfi bí ọkọ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, òfin yìí kò sì kúrò nílẹ̀ títí di ọdún 1975. Níbi tí obìnrin kò ti lè fi owó ara rẹ̀ pamọ́ láìtọrọ àyè, ta ni yóò wá fa bọ́ọ̀lù afẹsẹ̀gbá lé e lọ́wọ́? Àjọ tí ń ṣe kòkáárí bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kò ka eré àwọn obìnrin kún títí di ọdún 1980. Bí wọ́n bá gbá a, wọ́n gbá a. Bí wọn kò bá sì gbá a, kò sí ẹni tí yóò béèrè wọn.

Nínú irú ipò báyìí ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Immaculada Cabecerán ti dìde, tí ó gba ọ̀dọ̀ Agustí Montal lọ, ẹni tí í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ Barcelona nígbà náà, tí ó sì sọ fún un lójúkojú pé òun fẹ́ kí àwọn obìnrin ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn. Kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ọ́fíìsì ààrẹ. Ó fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn kan tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà máa ń kà, pé kí obìnrin tí ó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù jáde wá. Wọ́n sì jáde wá. Antoni Ramallets, ògbóǹtarìgì aṣọ́lé tí ó ti ṣọ́ ilé fún Barcelona ní àwọn ọdún 1950, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn yí gbogbo Sípéènì ká, ni a fi ṣe olùkọ́ wọn.

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí gbangba, lórí Camp Nou, pápá ìṣeré tí ó jẹ́ ààfin fún ẹgbẹ́ Barcelona, ní ọjọ́ tí a ń fi eré kówó jọ fún iṣẹ́ àánú. Àwọn obìnrin ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Centelles ni wọ́n bá pàdé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá wòran. Kò sì ṣàìsí àwọn tí ó jẹ́ pé láti wá fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni wọ́n ṣe wá. Wọ́n gbá a títí, wọ́n ta ọ̀mì, kò sí ẹni tí ó jẹ góòlù kan. Nígbà tí ó di pẹnárítì, àwọn ọmọ Barcelona ni ó borí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà lára wọn. Gbogbo ayé ni ó mọ àwọ̀ ẹgbẹ́ Barcelona, àwọ̀ méjì tí a dá sí ara wọn lóròó-lóròó bí ìgbà tí a fi aró àti osùn kun ògiri. A kò fún àwọn obìnrin wọ̀nyí ní aró, a kò sì fún wọn ní osùn. Ẹ̀wù funfun àti ṣòkòtò aláwọ̀ aró ni wọ́n wọ̀. Àmì ẹgbẹ́ náà kò sí ní àyà wọn. A kò sì pè wọ́n ní Barcelona, àṣàyàn ọmọ ìlú ni a pè wọ́n. Àwọn baba wa ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣo ni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Àwọn obìnrin yìí fi aṣọ tí kì í ṣe tiwọn jáde lórí pápá tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì gbayì nínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà díẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní 1971, àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan péjọ sí Mẹ́síkò láti du ife kan tí àjọ FIFA kò fọwọ́ sí, a sì sọ pé ènìyàn tí ó tó 110,000 ni ó kún pápá Azteca lọ́jọ́ tí Denmark àti Mẹ́síkò pàdé ní àṣekágbá. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn akọ̀wé bọ́ọ̀lù bá ń ka iye ènìyàn tí ó ti wo eré obìnrin rí, wọn kì í kà á mọ́ ọn, nítorí pé ìwé àṣẹ kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Mo mú un wá síbí nítorí pé a ó tún gbọ́ nípa iye òǹwòran kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó ní gègé lọ́wọ́ ni ó máa ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò ní ariwo púpọ̀ nínú, n kò sì ní fi gùn yín létí. Ẹgbẹ́ náà ń yí orúkọ padà, ó ń sún mọ́ ilé ńlá, kò sì wọlé. Nígbà tí a dá líìgì àwọn obìnrin Sípéènì sílẹ̀ ní 1988, Club Femení Barcelona ni orúkọ tí wọ́n fi wọ̀ ọ́. Ní 1994 wọ́n gba Ife Ayaba, tí í ṣe ife tí àwọn obìnrin ilẹ̀ náà máa ń dù lọ́dọọdún. Àní bí wọ́n ti gba ife yìí tán, ọdún mẹ́jọ gbáko ni ó tún gbà kí Barcelona tó kà wọ́n sí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Àwa a máa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ará ibẹ̀ wo ilé náà fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ó di ọdún 2002 kí wọ́n tó fi ọwọ́ ara wọn gbé orúkọ, àmì, àti aró òun osùn fún àwọn obìnrin náà.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé bí a ti wọlé báyìí ni ọlá dé, ó ṣì í rò. Ọdún 2007 ni wọ́n já bọ́ sí ìpele kejì. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Xavi Llorens, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí ó tọ́ Lionel Messi nígbà tí ó ṣì kéré ní Barcelona, ni ó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní 2006. Nígbà tí ilé wó lé e lórí, kò sá lọ. Ọdún kan péré ni wọ́n lò nísàlẹ̀, wọ́n sì gòkè padà ní 2008. Àwọn ọ̀dọ́ bíi Melanie Serrano àti Vicky Losada wà nínú ìrora yẹn, ẹ má sì gbàgbé orúkọ Losada, nítorí a ó tún pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní iṣẹ́ mìíràn tàbí ilé ìwé tí wọ́n ń lọ lójúmọ́, nítorí ohun tí bọ́ọ̀lù ń mú wọlé kò tó jẹun.

Llorens tẹ̀ lé ìlànà tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀: kí a di bọ́ọ̀lù mú, kí a fi kúkurú-kúkurú gbá a fún ara wa, kí ẹsẹ̀ tó gbéra kí ojú ti ríran. Irú iṣẹ́ yìí kì í so èso lọ́sàn-án kan. Ife Ayaba dé ní 2011, líìgì dé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2012, èyí tí ó sì dùn jù létí mi ni ti 2013, nígbà tí ó di ọjọ́ ìkẹyìn pátápátá, tí Barcelona ní láti lọ bá Athletic ní ìlú wọn ní Bilbao, tí wọ́n sì fi góòlù méjì sí ọ̀kan gba líìgì mọ́ onílé lọ́wọ́ lójú àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n tún gbà á ní 2014 àti 2015. Ní ọdún 2015 yìí kan náà ni ẹgbẹ́ náà sọ àwọn obìnrin rẹ̀ di agbábọ́ọ̀lù tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ó yani lẹ́nu pé bí owó ti dé ni líìgì kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíràn, Athletic lẹ́ẹ̀kan, Atlético Madrid lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí yóò tún ilé náà kọ́ ti wà nínú rẹ̀. Alexia Putellas, ọmọ ìlú Mollet del Vallès, ti wọ Barcelona nígbà èwe, kò pẹ́ níbẹ̀, ó bá ti àwọn ẹgbẹ́ Espanyol àti Levante lọ kí ó tó padà wálé ní 2012, ọdún tí bàbá rẹ̀ kú. Aitana Bonmatí, ẹni kúkurú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi, bá àwọn ọmọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù títí ó fi bàlágà. Orúkọ tirẹ̀ pàápàá ní ìtàn: orúkọ ìdílé bàbá ni a máa ń fi ṣáájú ní Sípéènì, àwọn òbí rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó jà fitafita pé kí orúkọ ìyá lè ṣáájú; ní 1999, ọdún kejì tí a bí i, ni òfin gbà fún wọn. Nítorí náà, Bonmatí tí gbogbo ayé ń pè lónìí, orúkọ ilé ìyá rẹ̀ ni.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ̀yin ọmọ Oríwu, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ ti kan ilé. Ọmọ yín Asisat Oshoala, tí a bí ní 1994, bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ FC Robo ní Èkó, ó lọ sí Rivers Angels, ó sì di olókìkí ní Kánádà ní 2014, nígbà tí Nàìjíríà dé àṣekágbá ife àgbáyé àwọn ọmọbìnrin tí kò tí ì pé ogún ọdún, tí òun nìkan sì gba ẹ̀bùn ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù jù àti ti ẹni tí ó jẹ góòlù jù. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé ilé ìwé ni àwọn òbí òun fẹ́ kí òun gbájú mọ́ nígbà náà, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. N kò dá wọn lẹ́bi; òbí wo ní ilẹ̀ wa ni yóò rí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ń sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tí àyà rẹ̀ kò ní já? Liverpool, Arsenal, títí dé Dalian ní ilẹ̀ Ṣáínà ni ó gbà kọjá kí ó tó dé Barcelona ní oṣù kìíní ọdún 2019, àyálò ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbà á.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí ó débẹ̀ tí Barcelona fi lọ bá Atlético ní Madrid, níwájú ènìyàn 60,739, ìwọ̀n tí a kò rí irú rẹ̀ rí nínú eré líìgì àwọn obìnrin. Oshoala jẹ góòlù, Barcelona sì borí pẹ̀lú méjì sí òdo. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún, Barcelona wọ àṣekágbá ife àwọn akọni Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìlú Budapest, ojú wọn sì rí màbo. Lyon, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Faransé tí ó ti sọ ife náà di ogún ìdílé rẹ̀, jẹ góòlù mẹ́rin kí a tó lọ sinmi, mẹ́ta nínú rẹ̀ láti ẹsẹ̀ Ada Hegerberg nìkan. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú kan kí aago pé ni Oshoala, tí ó ti orí ìjókòó wọlé, dá ọ̀kan padà. Ẹ̀yìn mẹ́rin sí ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni yóò tú ká. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn: Lluís Cortés, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, àti àwọn ọmọ rẹ̀ wo ẹ̀yìn dáadáa, wọ́n rí i pé ọgbọ́n bọ́ọ̀lù kò jìnnà sí ti àwọn ará Lyon, agbára ara àti ìyára ni ó jìnnà, wọ́n sì padà sílé lọ wá a.

Ní àárín ìwákiri yìí ni ìjà owó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin jákèjádò Sípéènì yanṣẹ́ lódì, wọ́n ní bọ́ọ̀lù kò ní yí títí a ó fi bá wọn kọ ìwé àdéhùn. Ní oṣù kejì ọdún 2020 a kọ ọ́, a sì dá 16,000 owó yúrò sí ìdí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ọdún kan tí ó kéré jù lọ. Owó náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn ọkùnrin, ṣùgbọ́n ìwé ni, ìwé sì ni ohun tí àwọn ti 1970 kò rí gbà.

Oṣù kìíní ọdún 2021 ni àwọn obìnrin Barcelona tó gbá eré ìdíje gidi lórí Camp Nou, wọ́n sì fi góòlù márùn-ún sí òdo fi Espanyol ṣe yẹ̀yẹ́. Àádọ́ta ọdún ti kọjá láti ọjọ́ Kérésìmesì yẹn. Ẹ sì wo bí ayé ti rí: ní 1970, èrò kún pápá, aṣọ ẹgbẹ́ kò sí lára wọn; ní 2021, aró òun osùn wà lára wọn, èrò kò sí, nítorí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn pápá mọ́ gbogbo ènìyàn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, wọ́n bá Chelsea pàdé ní Gothenburg ní ilẹ̀ Swídìn fún ife àwọn akọni Yúróòpù. Ẹni tí ó lọ bu omi mu kò bá ìbẹ̀rẹ̀ eré náà mọ́: ìṣẹ́jú kan kò tí ì pé tí bọ́ọ̀lù fi ti ara ọmọ Chelsea wọlé wọn, Putellas fi pẹnárítì kún un, Bonmatí fi tirẹ̀ kún un, Caroline Graham Hansen, ọmọ ilẹ̀ Norway, parí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì tó pé. Vicky Losada, ọmọbìnrin tí ó mọ ìpele kejì, ni balógun tí ó gbé ife náà sókè. Oshoala sì di obìnrin àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí yóò gba ife yìí. Ìgbà tí ó fi máa fi Barcelona sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti jẹ góòlù tí ó ju 100 lọ fún wọn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ó sì ti gba oyè agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jù ní Áfíríkà.

Ní ọdún 2021 kan náà ni ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí àwọn oníròyìn kò pariwo tó bí ó ti yẹ. La Masia, ilé tí Barcelona ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti 1979, ilé tí Messi jẹun nínú rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọbìnrin láti máa gbé ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mẹ́sàn-án ni àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé. Lójú tèmi, èyí tó ife méjì.

Nígbà tí àrùn lọ, tí ilẹ̀kùn ṣí, èrò dé. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ọdún 2022, Barcelona àti Real Madrid pàdé ní Camp Nou, ènìyàn 91,553 sì wá. Òótọ́ ni pé owó ìwọlé kò wọ́n, ṣùgbọ́n owó pọ́ọ́kú nìkan kì í mú irú èrò bẹ́ẹ̀ jókòó dé òpin. Madrid ṣáájú pẹ̀lú méjì sí ọ̀kan, àyà ń já. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn yóò fi dún, ó ti di márùn-ún sí méjì fún onílé. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ènìyàn 91,648 tún wá nígbà tí wọ́n fi márùn-ún sí ọ̀kan na Wolfsburg ti Jámánì. Gbogbo ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé irú èrò bẹ́ẹ̀ kò wo eré obìnrin rí. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi yà sí Mẹ́síkò lẹ́ẹ̀kan mọ bí ẹ ó ti gbọ́ ọ. Ní líìgì ọdún náà, ìgbà ọgbọ̀n ni wọ́n jáde, ìgbà ọgbọ̀n ni wọ́n borí. Síbẹ̀, ní Turin, Lyon tún na wọ́n ní mẹ́ta sí ọ̀kan ní àṣekágbá.

Ní 2023 ní Eindhoven, Wolfsburg ti fi góòlù méjì ṣáájú wọn kí a tó lọ sinmi. Patri Guijarro jẹ méjì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, Fridolina Rolfö jẹ ẹ̀kẹta, ife sì padà wálé. Ṣùgbọ́n gbèsè Lyon ṣì wà nílẹ̀, a sì san án ní 2024, ní Bilbao, ìlú tí wọ́n ti gba líìgì mọ́ onílé lọ́wọ́ ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú. Bonmatí jẹ ọ̀kan, Putellas jẹ èkejì nígbà tí eré fẹ́ parí; ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Barcelona borí Lyon. Àwọn méjèèjì yìí náà ni wọ́n pín Ballon d'Or, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ láyé, láàárín ara wọn fún ọdún márùn-ún léraléra: Putellas ní 2021 àti 2022, Bonmatí ní 2023, 2024 àti 2025.

Ẹgbẹ́ tí ó bá ti ga tó báyìí, àwọn olówó yóò máa wá já èso rẹ̀. Mariona Caldentey, tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá ní Barcelona, kọjá sí Arsenal ní 2024. Ní oṣù karùn-ún 2025, ní Lisbon, Arsenal bá Barcelona pàdé ní àṣekágbá, wọ́n sì fi góòlù kan ṣoṣo tí Stina Blackstenius jẹ gba ife náà lọ, Caldentey sì wà nínú àwọn tí ó gbé e. Owó há ní Barcelona fúnra rẹ̀ nígbà náà, àwọn àgbà ń lọ, iye àwọn tí ó kù kò pọ̀. Pere Romeu, tí ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2024, ní láti na ọwọ́ sí àwọn ọmọ kékeré láti fi dí àlàfo. Ọ̀kan nínú wọn ni Vicky López, tí a bí ní Madrid ní 2006, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ó sì ti ń wọ aró òun osùn fún àwọn àgbà láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ní Páríìsì, ní alẹ́ tí Bonmatí gba Ballon d'Or rẹ̀ kẹta, òun ni a fún ní ẹ̀bùn Kopa ti ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ, ẹ̀bùn tí a kò fún obìnrin kankan rí ṣáájú rẹ̀.